Ìdí Ọkọ̀ Ni Ọ̀rọ̀ Wà

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀. Iwájú ọkọ̀ ni àwọn tó ń ṣòfin fún ìdíje catamaran kékeré ń wò, bẹ́ẹ̀ ìdí ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìyẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ tí kò gùn ju apá ọmọdé lọ. Òun ló ń sọ bóyá ọkọ̀ á fò tàbí á ta òkìtì. Òun ló ń sọ bóyá ọmọ tí kò lówó rẹpẹtẹ á lè bá wọn díje. Òun náà ló sì ń sọ bóyá ẹni tó já sómi á jáde pẹ̀lú ìka ọwọ́ rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń ṣòfin, òun ni wọ́n ń rántí gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá sì ń ta ọkọ̀, òun ni wọ́n ń fi bò jù. Àwa tí a fẹ́ràn omi, tí à ń fi fóònù wo àwọn ìdíje yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀rọ̀ náà ti sú wa.

Ẹni tí kò bá tíì rí irú ọkọ̀ yìí, ẹ fojú inú wò ó báyìí: ikùn ọkọ̀ méjì tó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀pá tó dábùú tó so wọ́n pọ̀, aṣọ líle tí wọ́n ta sáàárín wọn, òpó gíga kan, àti ìgbòkun tó ń mú afẹ́fẹ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì rárá. Atukọ̀ kan tàbí méjì ló ń wà á, wọ́n á fi okùn gbé ara wọn kọ́, wọ́n á na ara síta lókè omi kí ọkọ̀ má bàa dojú dé. Èyí tí wọ́n ń pè ní A-Class gùn tó mítà 5.49, ó fẹ̀ tó mítà 2.30, òfin ò sì gbà kó fúyẹ́ ju kílò 75 lọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà á. Ẹ rò ó wò ná: ọkọ̀ tó gùn ju ọ̀pọ̀ mọ́tò lọ, tí ìwọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgbọọgba pẹ̀lú ti ẹni tó ń wà á.

Ìtọ́kọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan ní ìdí ikùn kọ̀ọ̀kan. Látijọ́, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ìtọ́kọ̀ ń ṣe: ó ń darí ọkọ̀ sósì tàbí sọ́tùn-ún. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìyẹ́ kan dábùú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó wá rí bíi lẹ́tà T tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Láti ìgbà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti di méjì. Ó ń darí ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń mú un dúró kó má forí sọlẹ̀, kó má sì gbé imú sókè jù.

Kí ló dé tí ìkejì yìí fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ìgbòkun wà lókè, omi wà nísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń ti òkè síwájú, omi ń fa ìsàlẹ̀ sẹ́yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá le, imú ọkọ̀ á fẹ́ rì bọ omi. Bó bá rì, ọkọ̀ á dúró gbọn-in, ìdí rẹ̀ á gbéra, gbogbo rẹ̀ á sì ta òkìtì pẹ̀lú atukọ̀ lórí okùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo ìdíje catamaran nínú ìjì ti rí i. Ó máa ń yára ju kí èèyàn ké "ó ti ṣẹlẹ̀" lọ.

Ìyẹ́ ìdí ọkọ̀ ni oògùn rẹ̀. Bí imú bá ti ń lọ sílẹ̀, ìdí á máa gòkè, ojú tí ìyẹ́ náà kọ sí omi á yí padà, omi á máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè, á sì fa ìdí ọkọ̀ padà sílẹ̀. Bí imú bá gòkè jù, òdìkejì rẹ̀ ló máa ṣe. Kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, kò sí bátìrì. Ohun tí ìrù bàálù ń ṣe lójú òfurufú gan-an ló ń ṣe nínú omi. Ṣé ẹ ti rí bàálù tó ń fò láìní nǹkan kan tó mú un dúró bẹ́ẹ̀? Ìyẹ́ ńlá tó wà láàárín ló ń gbé ọkọ̀ sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n tẹ̀yìn ni kì í jẹ́ kó ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀, torí ìṣirò ló máa jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ò sọ àsọdùn. Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800, ìdí nìyẹn tí ìyẹ́ kékeré fi lè gbé ẹrù ńlá nínú omi. Ẹ mú ìyẹ́ kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 50, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ máa sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan lórí omi iyọ̀. Bí ẹ bá yí ìyẹ́ yẹn ní dígírì kan péré, agbára tó máa fi kún èyí tó ń gbé tẹ́lẹ̀ á tó nǹkan bíi kílò 20. Dígírì kan o! Bí eré bá wá sílẹ̀ sí kìlómítà 18, kílò 5 ló máa kù, torí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ tún wá wò ó. Bí atukọ̀ bá yí ìyẹ́ ìtọ́kọ̀ apá kan ní dígírì kan kó máa gbé e sókè, tó sì yí ti apá kejì ní dígírì kan kó máa fà á sílẹ̀, kílò 20 ń ti apá kan sókè, kílò 20 ń fa apá kejì sílẹ̀, pẹ̀lú nǹkan bíi mítà méjì láàárín wọn. Bí ẹni pé atukọ̀ tó wọn kílò 75 tún fi bí ìdajì mítà sún síta sí i ni. Ọkọ̀ á lè gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i láìdojú dé, á sì yára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyẹ́ tó ń fà á sílẹ̀ yẹn náà ń dá a dúró díẹ̀. Àwọn tó ń gba ife-ẹ̀yẹ mọ èyí dáadáa. Abẹ́rẹ́ bó ti wù kó kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ta ọkọ̀ kì í sọ sókè. Bí dígírì kan bá jẹ́ kílò 20, tí píìnì tó so ìtọ́kọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ bá wá jẹ tó ń mì, tí ìyẹ́ náà lè fi dígírì kan mì síwájú-sẹ́yìn láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kí ni iye àwòrán ẹlẹ́wà tí wọ́n fi polówó rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé òun nílò ìyẹ́ tuntun, píìnì tuntun ló nílò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtọ́kọ̀ méjì tí wọn ò kọjú síbì kan náà: ọ̀kan ń wo ìlà oòrùn, ìkejì ń wo ìwọ̀, wọ́n wá ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ìyá àti bàbá tó ń jà lórí ọmọ.

Afẹ́fẹ́ náà tún jẹ́ ọ̀tá. Ìtọ́kọ̀ gun ojú omi kọjá: apá kan wà nínú afẹ́fẹ́, apá kan wà nínú omi. Bí atukọ̀ bá yí i lójijì jù, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ á máa fa nǹkan mọ́ra, afẹ́fẹ́ á sì gba ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti ojú omi bí ìgbà tí èèyàn ń fi kòkò fa ọtí. Bó bá dé ibi ìyẹ́, gbogbo agbára ìyẹ́ á pòórá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ tó ń fò tẹ́lẹ̀ á jábọ́. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lẹ pákó pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ara ìtọ́kọ̀ bí ọgbà, kí afẹ́fẹ́ má bàa rí ọ̀nà gbà sọ̀kalẹ̀. Ọgbọ́n kékeré, tí kò ná èèyàn ní owó gọbọi, tó sì lè gba èèyàn lọ́wọ́ ewu ńlá.

Ó dáa. Ẹ ti mọ iṣẹ́ tí ìyẹ́ yìí ń ṣe. Ẹ wá wo ohun tí àwọn alákòóso ti fi ojú rẹ̀ rí.

Ní 2009, ẹgbẹ́ A-Class gbé òfin kan kalẹ̀ tí gbogbo èèyàn wá mọ̀ sí Òfin 8. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí àwọn ọkọ̀ yẹn má fò. Wọ́n ní láti òkè ikùn ọkọ̀ ni kí wọ́n ti máa ki pákó abẹ́ ọkọ̀ bọ inú omi, wọ́n sì ní ìsàlẹ̀ pákó méjèèjì gbọ́dọ̀ jìnnà síra wọn tó mítà 1.5. Wọ́n rò pé àwọn ti pa ilẹ̀kùn dé. Ha! Bí ẹ bá dí ẹnu ihò kan, òkété á gbẹ́ òmíràn. Àwọn amòye tẹ pákó wọn bíi lẹ́tà J, nígbà tó yá wọ́n tẹ̀ ẹ́ bíi Z, wọ́n kì í láti òkè gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, ọkọ̀ sì fò. Nígbà tó di ìdíje àgbáyé wọn ti 2014 ní Takapuna, nílùú New Zealand, ọkọ̀ tó ń fò ni Glenn Ashby fi gba ipò kìíní.

Kí wá ni òfin yẹn ṣe? Kò dá fífò dúró. Ó kàn jẹ́ kí fífò nira láti ṣe, kó sì wọ́n ni. Pákó tó tẹ̀ bíi Z, tó gbọ́dọ̀ gba inú àpótí tóóró kọjá, tó sì gbọ́dọ̀ le bí irin, kì í ṣe ohun tí ọmọ kan lè jókòó sẹ́yìnkùlé rẹ̀ kó ṣe. Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ náà ní láti pín ìdíje sí méjì, àwọn tó ń fò lọ́tọ̀, àwọn tí kì í fò lọ́tọ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń jiyàn lórí pákó àárín, ìyẹ́ ìtọ́kọ̀ wà lẹ́yìn jẹ́ẹ́, ó ń ṣe iṣẹ́ tí ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò fi ta òkìtì. Ká ní ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni, tí wọ́n wọn bó ṣe gùn, tí wọ́n wọn bó ṣe le tó, ìbá ti yanjú lówó pọ́ọ́kú.

Ọ̀rọ̀ kejì tóbi ju ti ọkọ̀ kékeré lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan gbogbo ọkọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2013, Andrew Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti gba wúrà ní Olympics, kú nígbà tí catamaran ńlá tí ẹgbẹ́ Artemis ń fi dánra wò dojú dé ní San Francisco. Wọ́n gbé ìmọ̀ràn ààbò 37 jáde kí ìdíje America's Cup tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé kí wọ́n yí òfin ìyẹ́ ìtọ́kọ̀ padà. Kíá ni ìjà bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ará New Zealand àti ẹgbẹ́ Luna Rossa ti ilẹ̀ Ítálì ní wọ́n ń fi orúkọ ààbò yí òfin ìdíje padà láàárín ọjà. Luna Rossa kọ̀ láti jáde fún ìdíje wọn àkọ́kọ́, New Zealand sì nìkan sáré lórí omi. Nínú oṣù Keje, ìgbìmọ̀ adájọ́ dá àwọn olùpẹ̀jọ́ láre: òfin ò lè yí padà láìjẹ́ pé gbogbo àwọn tó ń díje fọwọ́ sí i.

A ò dá ìgbìmọ̀ náà lẹ́bi. Òfin ni òfin. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé: ó gba kí èèyàn kú kí àwọn àgbà tó jókòó sọ̀rọ̀ nípa ìyẹ́ ìdí ọkọ̀, nígbà tí wọ́n sì jókòó, ó ti pẹ́ jù, torí pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti náwó sórí tirẹ̀. Igi gogoro má gùn-ún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọjọ́ tí wọ́n kọ òfin ọkọ̀ yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n ti bi ara wọn pé: bí ọkọ̀ yìí bá fẹ́ ta òkìtì, kí ló máa dì í mú?

Ẹ̀kẹta ni Nacra 17, ọkọ̀ tí ọkùnrin kan àti obìnrin kan jọ ń wà ní Olympics. Mítà 5.25 ni gígùn rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé Olympics ní Rio ní 2016, kì í fò tán. Ní 2017 ni wọ́n yí i padà kó lè fò pátápátá, pẹ̀lú pákó Z láàárín àti ìyẹ́ lórí ìtọ́kọ̀. Ruggero Tita àti Caterina Banti, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ló fi gba wúrà nínú ìdíje Tokyo tí wọ́n ṣe ní 2021, wọ́n tún gbà á ní Marseille ní 2024. Ìdíje tó dùn-ún wò ni, a ò ní purọ́. Ọkùnrin àti obìnrin lórí ọkọ̀ kan náà, tí ìkankan ò ju ìkejì lọ, ìyẹn nìkan tó ohun àmúyangàn.

Ṣùgbọ́n ní ọdún tí wọ́n yí ọkọ̀ náà padà yẹn, Bora Gulari, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ọkọ̀ Moth lẹ́ẹ̀mejì, pàdánù apá kan lára ìka mẹ́ta níbi tó ti ń fi Nacra 17 dánra wò. Kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì o. Bó bá lè ṣẹlẹ̀ sí irú rẹ̀, ta ló wà láìléwu? Ẹ jẹ́ ká rò ó bó ṣe rí: bí èèyàn bá já bọ́ lára ọkọ̀ tó ń sáré, ọkọ̀ á máa lọ síwájú, òun á dúró sẹ́yìn. Ohun tó gbẹ̀yìn tó máa kọjá lára rẹ̀ ni ìtọ́kọ̀. Ohun tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó le, tó sì mú létí. A ò gbọ́dọ̀ máa pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní "ohun èlò ìdarí" lásán. Ọ̀bẹ ni.

Gbogbo ohun èlò Nacra 17 ló gbọ́dọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó láṣẹ láti ṣe é. A ò fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ kankan; òfin là ń bá wí. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀ dára: kí gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọkọ̀ kan náà, kó jẹ́ pé ọgbọ́n àti okun ló ń borí, kì í ṣe owó. A gbà. Ṣùgbọ́n ṣé dandan ni kí ohun tó jọra jẹ́ àṣírí? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ béèrè ẹni tó gbin iṣu yìí. Ní 1915 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NACA, òun ló di NASA ní 1958. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó oríṣi ìrísí ìyẹ́ 78 sínú ihò afẹ́fẹ́, wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ gbogbo àbájáde rẹ̀ jáde ní 1933 fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Ọ̀kan nínú ìdílé ìrísí yẹn ni 0012. Òǹkà méjì àkọ́kọ́ ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì bára mu. Méjì tó kẹ́yìn ń sọ pé ìnípọn rẹ̀ jẹ́ ìdá 12 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. Ìyẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 á nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 1.2. Ìyẹn ti yé ọmọ iléèwé girama, àbí kò yé e?

Títí di òní, ìrísí yẹn àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń gbẹ́ ìtọ́kọ̀ ọkọ̀ kékeré. Owó ará ìlú ni wọ́n fi wá a rí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi fún ayé. Ẹni tó wá fi ìmọ̀ ọ̀fẹ́ yẹn gbẹ́ ìyẹ́ tán, tó wá ń sọ pé àṣírí òun ni, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ló fi ń ṣọlá.

A mọ èsì tí wọ́n máa fọ̀. Wọ́n á ní, "Bí ẹ bá gbé àwòrán ìwọ̀n rẹ̀ síta, gbogbo èèyàn á máa gbẹ́ tirẹ̀, ẹlòmíì á gbẹ́ èyí tó dáa ju tẹlòmíì lọ, owó á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga." Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òpè, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Ohun méjì ló dà pọ̀ níbẹ̀: òmìnira láti yí ìrísí padà, àti òmìnira láti mọ ìrísí náà. Ẹ lè fún wa ní ìkejì láìfún wa ní ìkíní. Télọ̀ mẹ́wàá lè lo pátánì kan náà, kí aṣọ wọn sì jọra. Ẹ gbé pátánì síta, ẹ sọ iye tí èèyàn fi lè yà kúrò lára rẹ̀, ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí kò bá bá a mu, ẹ dá a padà sílé. Ó parí.

Èyí kì í sì í ṣe àlá. Ní 1947, Clark Mills ya ọkọ̀ kékeré kan ní Clearwater, ní Florida, fún àwọn ọmọdé, irú èyí tí bàbá àti ọmọ lè fi pákó kàn nílé. Ó fi àwòrán rẹ̀ tọrọ. Optimist nìyẹn, ọkọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìtukọ̀ kárí ayé lónìí. Ó ní òfin tó le, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Gbígbé àwòrán síta kò bà á jẹ́. Òun gan-an ló jẹ́ kó délé gbogbo èèyàn.

Àwọn kejì á ní, "Ewu ni kí ọmọdé máa gbẹ́ ìyẹ́ nílé. Bó bá ṣẹ́ lójú agbami ńkọ́?" Àwa náà bẹ̀rù ìyẹn, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí àwòrán jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ á gbẹ́ ẹ, bóyá ẹ fún un ní àwòrán tàbí ẹ ò fún un. Bí ẹ bá fún un, á mọ iye aṣọ kábọ́ọ̀nù tó yẹ kó wà níbi tí ìyẹ́ ti pàdé ìtọ́kọ̀, torí ibẹ̀ ni ìnira pọ̀ sí jù. Á mọ iye kílò tó yẹ kó gbé kọ́ sí i lórí ilẹ̀ láti dán an wò kó tó gbé e lọ sómi. Bí ẹ ò bá fún un, àbá ló máa dá. Èwo ló léwu jù?

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti wà láti 1932, catamaran Hobie 16 sì wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ń fi díje níbẹ̀. Hobie Alter ará California ló ṣe é. Ó ṣe ikùn rẹ̀ tó fi jẹ́ pé kò nílò pákó abẹ́ ọkọ̀ rárá, ó sì ṣe ìtọ́kọ̀ rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bó bá kan ilẹ̀, á ká sókè fúnra rẹ̀. Èèyàn lè wà á gúnlẹ̀ sí etíkun láìfọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti ṣe ju 100,000 rẹ̀ lọ. Ọgbọ́n tó mọ ibi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó nìyẹn.

Ẹ wá gbé ìtọ́kọ̀ oníyẹ̀ẹ́ ti òde òní wá sí ọ̀sà Èkó. Koríko orí omi tó máa ń bo ojú ọ̀sà ní àsìkò rẹ̀ á dì mọ́ ọn. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù á wé mọ́ ọn. Ibi tí omi ò jìn á fọ́ ọ. Ìyẹ́ tó dábùú kì í jẹ́ kí koríko yọ̀ dànù bó ṣe máa ń yọ̀ lára ìtọ́kọ̀ tó tọ́. Bí ìwọ̀ ẹja ló ṣe máa ń so ó mọ́ra. Kì í ṣe pé ìyẹ́ ò dára o. Ẹni tó ya á, adágún omi tó mọ́ tó sì jìn ló wà lójú rẹ̀. Bí òfin bá sì ti wí pé èyí nìkan ni kí gbogbo ayé lò, ohun tó ń sọ ni pé àwọn tó wà létí irú omi bẹ́ẹ̀ nìkan ló yẹ kó fò. Ta ló máa ronú ìtọ́kọ̀ oníyẹ̀ẹ́ tó ń ká sókè, tí etí iwájú rẹ̀ dà sẹ́yìn kí koríko lè yọ̀ kúrò? Àwọn tó ń gbé létí omi oníkoríko ni. Bí wọn ò bá sì rí àwòrán èyí tó wà nílẹ̀, ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí à ń béèrè kò pọ̀.

Èkíní, gbogbo ẹgbẹ́ ìdíje catamaran kékeré tó bá ti gba ìyẹ́ láyè, kí wọ́n gbé àwòrán ìwọ̀n ìtọ́kọ̀ wọn síta fún gbogbo èèyàn, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń to aṣọ kábọ́ọ̀nù tàbí fáíbà inú rẹ̀.

Èkejì, kí òfin máa wọn ewu, kó yé wọn ìrísí tí ẹnu ń kùn sí. Kí wọ́n sọ bí ìyẹ́ ṣe lè gùn tó, kó má yọ síta kọjá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Kí wọ́n sọ bí etí ìtọ́kọ̀ ṣe lè mú tó, kó má gé ọmọ ènìyàn bí abẹ ìfárí. Kí wọ́n gbé ẹrù kọ́ ọ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Kí wọ́n sì wo píìnì: ìtọ́kọ̀ tó bá ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, kí wọ́n má jẹ́ kó kúrò létíkun.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yé fòfin de yíyí ìyẹ́ ìtọ́kọ̀ lórí omi. Ìrù tí kò ṣeé yí, ọkọ̀ tó ní àárẹ̀ ọrùn ni. Ọ̀pọ̀ atukọ̀ A-Class ló ń yí tiwọn bí wọ́n ṣe ń lọ, ayé ò sì tìtorí ẹ̀ parẹ́. Ẹni tí afẹ́fẹ́ líle ká mọ́ ojú omi yẹ kó ní agbára láti tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe kó tó ta òkìtì.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú òfin fún ìtọ́kọ̀ tó bá omi ibòmíràn mu. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tó ń ka èyí, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó ni. Olówó ti ní ọkọ̀ tirẹ̀, ó ti ní ẹni tó ń bá a tún un ṣe. Àwa tí a ò tíì ní, tí a mọ ìṣirò, tí a lè gé pákó, tí fáíbà kò ṣàjèjì sí, àwa ni àṣírí yìí ń dí lọ́wọ́. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ìtọ́kọ̀ yẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ. Kì í ṣe oṣó ló ṣe é. Èèyàn ló wọ̀n ọ́n, èèyàn ló gbẹ́ ẹ, èèyàn míì sì lè gbẹ́ ẹ. Ẹ̀yin tí àwòrán náà wà lọ́wọ́ yín, ẹ ṣí ọwọ́. Bí ẹ bá sì ń ṣòfin lọ́jọ́ iwájú, ìdí ọkọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.